Káàdì Ìlà àti Ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn: Bí Òfin Ṣe Ń Wo Ọgbọ́n tí ó Wà Nínú Ẹ̀rọ Tẹlifóònù

1. Ìfáàrà

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ jẹ́ èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kà sí ti àwọn agbẹjọ́rò àti àwọn ẹnjiníà nìkan. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ara balẹ̀ wò ó, a ó rí i pé ó kan ẹnikẹ́ni tí ó bá ń fi ọwọ́ àti orí rẹ̀ ṣiṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti Òkòtà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Òṣòdì àti Ìsọlọ̀ ní ìpínlẹ̀ Èkó. Ẹni tí ó bá mọ irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ ní ayé ìgbà tí tẹlifóònù onígbòrò wáyà ṣì wà nílé àwọn ènìyàn yóò rántí ohun tí òjò ńlá lè fà. Ààrá lè sán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí tẹlifóònù ilé mélòó kan sì dákẹ́ lọ́jọ́ kan náà. Àwọn ènìyàn a máa wí pé tẹlifóònù ti kú. Nígbà púpọ̀, kì í ṣe ẹ̀rọ tí ó wà lórí tábìlì ni ó kú, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe wáyà tí ó wà lórí òpó. Ohun tí ó bàjẹ́ wà ní ilé ìsopọ̀, ní ibi tí ó jìnnà sí ilé ẹni. Pátákó pẹlẹbẹ kan ni, tí kò tóbi ju síléètì ọmọ ilé-ìwé lọ púpọ̀, tí a to àwọn ohun wínníwínní sí lórí. Orúkọ pátákó náà ni káàdì ìlà.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a gbà pé ọmọ Òkòtà kan, tí ó ń tún ẹ̀rọ ṣe, ronú títí ó fi rí ọ̀nà tí ààrá kò fi ní lè ba káàdì bẹ́ẹ̀ jẹ́ mọ́. Ta ni ó ni ọgbọ́n yìí? Bí ilé-iṣẹ́ ńlá kan bá wí pé òun ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, ta ni yóò dá ẹjọ́ náà? Bí ẹjọ́ tí a kọ́kọ́ dá kò bá sì tẹ́ ọ̀kan lọ́rùn nínú àwọn méjèèjì, kí ni ilé ẹjọ́ tí ó wà lókè lè ṣe sí i? Ìbéèrè mẹ́ta wọ̀nyí ni àlàyé wa yóò dá lé lórí.

2. Bí Tẹlifóònù Ṣe Dé Ọ̀dọ̀ Wa

Kò ní burú bí a bá kọ́kọ́ mẹ́nu ba ìtàn díẹ̀. Ní ọdún 1886 ni wáyà abẹ́ òkun so Èkó pọ̀ mọ́ Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí ó di 1893, àwọn ọ́fíìsì ìjọba tí ó wà ní Èkó ti ní tẹlifóònù. Nígbà tí a gba òmìnira ní 1960, ìlà tẹlifóònù 18,724 péré ni ó wà ní gbogbo Nàìjíríà. Ní 1985, ìjọba da ẹ̀ka tẹlifóònù ti ilé-iṣẹ́ Ìfìwéránṣẹ́ pọ̀ mọ́ ilé-iṣẹ́ tí ó ń bójú tó ìpè sí òkè òkun, ó sì pe àpapọ̀ wọn ní NITEL. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2001, tẹlifóònù alágbèéká ti GSM bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kò sì pẹ́ tí ó fi gba ipò lọ́wọ́ wáyà. Ní 2015 ni a ta ohun ìní NITEL fún ilé-iṣẹ́ NATCOM.

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ni a tún ń fi káàdì ìlà ṣe lẹ́yìn gbogbo èyí. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé orúkọ náà kò parẹ́. Nínú ẹ̀rọ tí ó ń fi okùn onídígí gbé íntánẹ́ẹ̀tì wọ ilé lónìí, àwọn pátákó tí a ń kì bọ inú àpótí rẹ̀ láti fi sin ọ̀pọ̀lọpọ̀ oníbàárà ṣì ń jẹ́ káàdì ìlà. Ohun tí ó ń gbé ọ̀rọ̀ lọ ni ó yí padà. Ibi tí a ti ń so ilé kọ̀ọ̀kan mọ́ ayé ṣì wà síbẹ̀.

3. Iṣẹ́ Méje tí Káàdì Ìlà Ń Ṣe

Wáyà bàbà méjì ni ó máa ń ti ilé oníbàárà wọ ilé ìsopọ̀. Gbogbo ohun tí àwọn wáyà méjì yìí nílò, orí káàdì ìlà ni ó ti ń wá. Àwọn ẹnjiníà a máa fi lẹ́tà méje ka iṣẹ́ rẹ̀, lẹ́tà náà sì para pọ̀ di BORSCHT, orúkọ ọbẹ̀ kan tí àwọn ará Ukraine àti àwọn ará Rọ́ṣíà ń sè. A ó tò wọ́n bí wọ́n ṣe tẹ̀ lé ara wọn.

Èkíní, káàdì náà ni ó ń fún tẹlifóònù ilé ní iná. Bátìrì ilé ìsopọ̀ tí agbára rẹ̀ jẹ́ fóltì 48 ni ó ń lò. Ìdí nìyí tí tẹlifóònù onígbòrò wáyà fi lè ṣiṣẹ́ nígbà tí iná ìjọba bá lọ.

Èkejì, ó ń dáàbò bo ilé ìsopọ̀ lọ́wọ́ ààrá àti lọ́wọ́ wáyà iná ńlá tí ó bá ṣèèṣì kan wáyà tẹlifóònù. Ẹ ó rí i pé orí iṣẹ́ kejì yìí ni ọ̀rọ̀ ọmọ Òkòtà wa yóò dúró lé.

Ẹ̀kẹta, ó ń mú kí aago tẹlifóònù dún. Èyí gba iná tí ó lágbára ju ti àkọ́kọ́ lọ, nǹkan bí fóltì 75 sí 90, tí ó ń lọ tí ó sì ń bọ̀ ní ìgbà 20 tàbí 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ẹ̀kẹrin, ó ń ṣọ́nà. Nígbà tí ènìyàn bá gbé tẹlifóònù sókè, iná á rí ọ̀nà yí po láti wáyà kan sí èkejì. Káàdì ni yóò kọ́kọ́ mọ̀ pé ẹnìkan fẹ́ sọ̀rọ̀.

Ẹ̀karùn-ún, ó ń sọ ohùn di nọ́ńbà. Ìgbà 8,000 ni ó ń wọn ohùn ènìyàn ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, ó sì ń fi àmì mẹ́jọ tí í ṣe òdo tàbí ení kọ ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Bí a bá fi mẹ́jọ ṣe ìlọ́po 8,000, yóò fún wa ní 64,000. Iye àmì tí ohùn ẹnìkan ń di ní ìṣẹ́jú àáyá kan nìyẹn.

Ẹ̀kẹfà, ó ń ya ohùn tí ń lọ kúrò lára ohùn tí ń bọ̀. Wáyà méjì tí ó ti ilé wá dà bí òpópónà àdúgbò, níbi tí ọkọ̀ tí ń lọ àti èyí tí ń bọ̀ ti ń gba ojú ọ̀nà kan náà. Ṣùgbọ́n láàrin ilé ìsopọ̀ kan sí èkejì, ọ̀nà rí bí ọ̀nà márosẹ̀ Òṣòdì sí Àpápá: ti àlọ wà lọ́tọ̀, ti àbọ̀ wà lọ́tọ̀. Ẹni tí ó bá mọ ìkóríta Sẹ́lẹ́, níbi tí ará Òkòtà ti ń bọ́ sí ọ̀nà márosẹ̀ náà, mọ̀ pé bí a kò bá tọ́jú ìkóríta dáadáa, ọkọ̀ yóò máa ṣẹ́rí padà gba ibi tí ó ti wá. Ohùn tí ó bá ṣẹ́rí padà bẹ́ẹ̀ ni a ń gbọ́ bí gbohùngbohùn létí wa.

Èkeje, ó ń fi àyè sílẹ̀ kí àwọn òṣìṣẹ́ lè yẹ ìlà wò láti ilé ìsopọ̀, kí wọ́n lè mọ ibi tí àrùn wà kí wọ́n tó gun òpó.

Ẹ ṣe àkíyèsí pé iṣẹ́ méje yìí ń bá ara wọn jà. Iná tí ó ń mú aago dún lágbára tó láti ba ohun wẹ́wẹ́ tí ó ń sọ ohùn di nọ́ńbà jẹ́, bẹ́ẹ̀ orí pátákó kan náà ni wọ́n jọ wà. Ohun tí a sì fi ń dènà ààrá kò gbọdọ̀ dí ohùn lọ́nà. Ní ìgbà àtijọ́, tiransifọ́mà ńlá ni a fi ń ya ohùn, àwọn ìlẹ̀kùn iná tí ó ń ṣí tí ó ń tì sì ni a fi ń rán iná aago. Nígbà tí ó di àwọn ọdún 1970 àti 1980, àwọn ilé-iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà láti kó iṣẹ́ wọ̀nyí sínú ohun kékeré tí ó dà bí èékánná. Ibẹ̀ ni pátẹ́ǹtì ti pọ̀ sí i, nítorí pé ẹni tí ó bá dín owó káàdì kan kù díẹ̀, ó ti dín owó mílíọ̀nù ìlà kù.

4. Kí ni Pátẹ́ǹtì?

Pátẹ́ǹtì ni ìwé tí ìjọba ń fún ẹni tí ó pilẹ̀ ohun tuntun, pé fún iye ọdún kan, ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ ṣe ohun náà, kò gbọdọ̀ tà á, kò sì gbọdọ̀ kó o wọ ìlú fún òwò láìgba àṣẹ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ kọ́ ni. Ẹni náà gbọ́dọ̀ ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀ ní kíkún, tó bẹ́ẹ̀ tí oníṣẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò lè ka àlàyé náà kí ó sì ṣe é. Ìjọba fún un ní ọdún díẹ̀. Òun náà fún gbogbo ayé ní ìmọ̀ rẹ̀. Pàṣípààrọ̀ ni.

Ní ayé àwọn Òyìnbó amúnisìn, ọgbọ́n ẹni tí ó wà ní Èkó ní láti gba Lọ́ńdọ̀nù kọjá. Òfin 1925 kò fún wa ní ju kí a forúkọ pátẹ́ǹtì tí a ti gbà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ níbí. Òfin ọdún 1970, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá 1971, ni ó fún Nàìjíríà ní ètò tirẹ̀. Òfin yìí kan náà ni a tún tẹ̀ sínú àkójọ òfin ilẹ̀ wa ti 2004.

Gẹ́gẹ́ bí òfin náà ti wí, ohun mẹ́ta ni ó gbọ́dọ̀ péjọ. Ohun náà gbọ́dọ̀ jẹ́ tuntun. Ó gbọ́dọ̀ ti inú ìrònú olùpilẹ̀ṣẹ̀ wá, kí ó má jẹ́ ohun tí oníṣẹ́ èyíkéyìí yóò rí bí ó bá kàn na ọwọ́. Ó sì gbọ́dọ̀ ṣeé lò nínú iṣẹ́ àti òwò. Àtúnṣe sí ohun tí ó ti ní pátẹ́ǹtì tẹ́lẹ̀ náà lè gba pátẹ́ǹtì, bí àtúnṣe ọ̀hún bá ní ohun mẹ́ta wọ̀nyí. Ogún ọdún ni pátẹ́ǹtì ń lò, láti ọjọ́ tí a ti mú ìwé wọlé, bí a bá ń san owó ọdọọdún rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú òfin wa tí kò yẹ kí a gbójú fò. Akọ̀wé ìforúkọsílẹ̀ kì í yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ohun náà jẹ́ tuntun ní tòótọ́. Bí ìwé bá ti pé, tí owó sì ti wọlé, yóò fún ni ní pátẹ́ǹtì. Òfin fúnra rẹ̀ sọ pé ewu rẹ̀ wà lọ́rùn ẹni tí ó gbà á, àti pé ìjọba kò ṣe onídùúró pé ó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ní Amẹ́ríkà àti ní ilẹ̀ Yúróòpù, ọ̀tọ̀ ni ètò tiwọn. Ayẹ̀wé-wò yóò wá gbogbo ìwé àtijọ́, bí ó bá sì kọ ohun tí a béèrè, olùpilẹ̀ṣẹ̀ lè gbé e lọ sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn tí ó wà nínú ilé-iṣẹ́ pátẹ́ǹtì náà. Lọ́dọ̀ wọn, a máa ń jà kí a tó gba ìwé. Lọ́dọ̀ wa, a máa ń gba ìwé kí ìjà tó dé.

5. Ẹjọ́ Ọmọ Òkòtà

Ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ ọmọ Òkòtà wa, tí a fi ṣe àpẹẹrẹ. A gbà pé ó gba pátẹ́ǹtì lórí ọ̀nà tí a fi ń dáàbò bo káàdì ìlà. Ohun méjì ni ó so pọ̀. Ọ̀kan ni ìgò kékeré tí a fi afẹ́fẹ́ kan sí nínú, tí ó máa ń jẹ́ kí iná ààrá gba inú rẹ̀ wọ ilẹ̀ lọ. Èkejì ni ohun tí ó máa ń dí iná lọ́nà nígbà tí ó bá gbóná, tí ó sì máa ń ṣí ọ̀nà padà nígbà tí ó bá tutù. Lẹ́yìn ọdún méjì, ilé-iṣẹ́ kan kó ọ̀pọ̀ káàdì tí ó rí bẹ́ẹ̀ wọlé. Ó pè wọ́n lẹ́jọ́.

Ilé Ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ ni yóò gbé e lọ, nítorí pé ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 fi ọ̀rọ̀ pátẹ́ǹtì sí ọwọ́ ilé ẹjọ́ yẹn nìkan. Òfin gba adájọ́ láyè láti jókòó pẹ̀lú àwọn onímọ̀ méjì tí yóò ràn án lọ́wọ́ lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ. Ilé-iṣẹ́ náà yóò dáhùn pẹ̀lú ìgbèjà tí ó wọ́pọ̀ jù lọ: pátẹ́ǹtì yìí kò fẹsẹ̀ múlẹ̀, kí adájọ́ fagi lé e.

Ìbéèrè kìíní ni bóyá ohun náà jẹ́ tuntun. Agbẹjọ́rò ilé-iṣẹ́ yóò kó ìwé jáde. Ìgò afẹ́fẹ́ náà kì í ṣe tuntun. Ohun tí ó ń dí iná bí ó bá gbóná náà kì í ṣe tuntun. Ṣùgbọ́n kí a tó lè wí pé nǹkan kì í ṣe tuntun, gbogbo ohun tí pátẹ́ǹtì náà kà gbọ́dọ̀ ti wà pa pọ̀ ní ibì kan ṣáájú. Ibẹ̀ ni ewu tí kò hàn sí ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ wà. Bí ọmọ Òkòtà yìí bá ti fi iṣẹ́ rẹ̀ han àwọn ènìyàn ní gbangba, tí ó ti ń tà á fún oníbàárà kí ó tó mú ìwé lọ, òun fúnra rẹ̀ ni ó ti sọ ọ́ di ohun tí ayé mọ̀. Òfin wa yọ̀ǹda oṣù mẹ́fà fún ẹni tí ó bá fi iṣẹ́ rẹ̀ hàn níbi ìpàtẹ àgbáyé tí ìjọba fọwọ́ sí. Kò yọ̀ǹda ohunkóhun fún ẹni tí ó fi í hàn ní iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Ìbéèrè kejì ni ó máa ń le jù: ṣé oníṣẹ́ tí ó mọ iṣẹ́ kò ní rí i fúnra rẹ̀? Ní ọjọ́ ọgbọ̀n oṣù kẹrin ọdún 2007, ilé ẹjọ́ gíga jùlọ ti Amẹ́ríkà dá ẹjọ́ kan láàrin ilé-iṣẹ́ KSR àti ilé-iṣẹ́ Teleflex, lórí ohun tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ nínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Àwọn adájọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán fohùn ṣọ̀kan pé, bí ènìyàn bá so ohun tí a ti mọ̀ pọ̀ ní ọ̀nà tí a ti mọ̀, tí àbájáde rẹ̀ kò sì ju èyí tí a ń retí lọ, kò tíì yẹ fún pátẹ́ǹtì. Ìdájọ́ yẹn kò de ilé ẹjọ́ wa, ṣùgbọ́n ọgbọ́n inú rẹ̀ bá ọ̀rọ̀ káàdì ìlà mu gan-an, nítorí pé ohun tí a ti mọ̀ ni ó pọ̀ jù nínú ohun tí a ń tò sórí káàdì.

Nítorí náà, bí ọmọ Òkòtà bá wí pé, “Mo so méjì pọ̀,” yóò pàdánù. Ṣùgbọ́n bí ó bá lè fi hàn pé ọ̀nà tí òun gbà tò wọ́n jẹ́ kí káàdì yè níbi tí wáyà inú ilẹ̀ kò dára, tí gbogbo ìwé tí ó ti wà ṣáájú sì ń wí pé láìsí wáyà inú ilẹ̀ tí ó dára kò sí ààbò, ọ̀rọ̀ yí padà. Nígbà náà, ohun tí ó rí ta ko ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń retí. Ó ti kọjá ohun tí oníṣẹ́ kàn lè nawọ́ mú.

Ìbéèrè kẹta ni bí gbólóhùn tí ó fi béèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀ ti fẹ̀ tó. Gbólóhùn yìí ni ó dà bí òkúta ààlà oko. Bí ó bá kọ ọ́ pé òun ni òun ni “gbogbo ọ̀nà tí a lè fi dènà ààrá”, ó ti na ààlà wọ oko olóko. Bí ó bá sì kọ ọ́ pé “ìgò aláwọ̀ funfun tí ó gùn ní ìwọ̀n báyìí”, ẹni tí ó bá lo ìgò pupa ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

6. Ẹjọ́ Tẹlifóònù ti 1888

Kò sí ẹjọ́ tí ó fi èyí hàn ju àwọn ẹjọ́ tí ó dá lórí tẹlifóònù fúnra rẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kejì ọdún 1876, agbẹjọ́rò Alexander Graham Bell mú ìwé rẹ̀ dé ilé-iṣẹ́ pátẹ́ǹtì Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ yẹn gan-an ni ìwé ìkìlọ̀ Elisha Gray náà wọlé lórí ohun tí ó jọ ọ́. Bell gba pátẹ́ǹtì 174,465 ní ọjọ́ keje oṣù kẹta. Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn èyí ni ẹ̀rọ rẹ̀ tó gbé ọ̀rọ̀ tí ó ṣe é gbọ́ dáadáa.

Ẹjọ́ gba ilẹ̀ kan. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ wí pé Bell kọ́ ni ẹni àkọ́kọ́. Èyí tí ó sún mọ́ àtiborí jù ni ti Daniel Drawbaugh, oníṣẹ́-ọwọ́ ará abúlé kan ní Pennsylvania, tí àwọn ẹlẹ́rìí rẹ̀ wí pé ó ti ṣe ẹ̀rọ tí ń sọ̀rọ̀ ní ọdún púpọ̀ ṣáájú. Àwọn ẹjọ́ náà dé ilé ẹjọ́ gíga jùlọ, a sì dá wọn pọ̀ ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kẹta ọdún 1888. Adájọ́ mẹ́rin gbè sẹ́yìn Bell. Adájọ́ mẹ́ta wí pé Drawbaugh ni ó ṣe é ṣáájú. Ẹni kan ṣoṣo ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ọkùnrin tí gbogbo ayé mọ orúkọ rẹ̀ àti ọkùnrin tí ayé ti gbàgbé. Morrison Waite, olórí àwọn adájọ́, ni ó kọ ìdájọ́ náà, ṣùgbọ́n àìsàn kò jẹ́ kí ó lè kà á. Ẹlòmíràn ni ó kà á, Waite sì kú ní ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀.

Ohun méjì ni ó yẹ kí a dì mú níbẹ̀. Àkọ́kọ́ ni ti ààlà. Ní 1854, ilé ẹjọ́ kan náà ti sọ fún Samuel Morse pé kò lè gba ẹ̀tọ́ lórí gbogbo ọ̀nà tí a lè gbà fi iná kọ ọ̀rọ̀ sí ọ̀nà jíjìn, irú ẹ̀rọ yòówù kí a lò. Àwọn tí ó bá Bell jà wí pé tirẹ̀ náà fẹ̀ jù. Ilé ẹjọ́ dáhùn pé Bell kò béèrè fún gbogbo iná. Ó béèrè fún ọ̀nà kan tí ó yé ni, èyí tí iná fi ń gbọ̀n ní àwòrán bí afẹ́fẹ́ ṣe ń gbọ̀n nígbà tí ènìyàn bá ń sọ̀rọ̀. Èkejì ni ti ẹ̀rí. Drawbaugh ní ẹlẹ́rìí púpọ̀, ṣùgbọ́n kò ní ìwé tí ó ní ọjọ́. Ìrántí ènìyàn ni ó gbé wá sílé ẹjọ́, Bell sì gbé ìwé wá.

7. Ohun tí Ilé Ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn Lè Ṣe

Àwọn àgbà wa wí pé ẹni tí ó gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan tí ó sì dá a, àgbà òṣìkà ni. Gbígbọ́ tọ̀tún tòsì ni iṣẹ́ ilé ẹjọ́ àkọ́kọ́. Iṣẹ́ ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn yàtọ̀ sí i. Ẹni tí ìdájọ́ ìkẹyìn Ilé Ẹjọ́ Gíga kò tẹ́ lọ́rùn ní oṣù mẹ́ta láti fi gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ. Bí ó bá jẹ́ àṣẹ tí a pa láàrin ẹjọ́ ni, ọjọ́ mẹ́rìnlá ni ó ní. Láti ibẹ̀, ó tún lè dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní Àbújá.

Ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ òkè kì í ṣe ibi tí a ti ń bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ lákọ̀tun. Ìwé àkọsílẹ̀ ilé ẹjọ́ àkọ́kọ́ ni ó ń kà. Ó ń béèrè bóyá adájọ́ mọ òfin lò, bóyá ó túmọ̀ gbólóhùn ẹ̀tọ́ náà bí ó ti yẹ, àti bóyá ẹ̀rí tí ó wà níwájú rẹ̀ lè gbé ìpinnu rẹ̀ ró. Ohun tí adájọ́ àkọ́kọ́ fi etí ara rẹ̀ gbọ́ lẹ́nu ẹlẹ́rìí, ilé ẹjọ́ òkè kì í yára dà á nù. Nítorí náà, bí ẹnjiníà tí ó jẹ́rìí fún ọmọ Òkòtà kò bá ṣàlàyé fún adájọ́ àkọ́kọ́ ohun tí wáyà inú ilẹ̀ ń ṣe, kò sí agbẹjọ́rò tí yóò lè ṣàlàyé rẹ̀ lókè. Orí àlàyé ẹ̀rọ tí a ṣe nísàlẹ̀ ni ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti ń jẹ́ jíjàre tàbí jíjẹ̀bi. Ìdí nìyí tí ẹnjiníà fi gbọ́dọ̀ kọ́ láti sọ̀rọ̀ kí ẹni tí kì í ṣe ẹnjiníà gbọ́ ọ.

8. Ìgbà àti Ààlà Ilẹ̀

Kí a má rò pé gbogbo ẹni tí ó gba pátẹ́ǹtì ni ó ń jẹ èrè rẹ̀. Iṣẹ́ karùn-ún tí a kà lókè, èyí tí ó ń sọ ohùn di nọ́ńbà, láti ọwọ́ Alec Reeves ni ó ti wá. Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, ó ń ṣiṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ ITT ní Páríìsì. Ní 1938 ni ó béèrè pátẹ́ǹtì rẹ̀ ní Faransé. Ṣùgbọ́n ohun èlò ìgbà yẹn tóbi, ó sì wọ́n. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Bell ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í lo ọ̀nà náà ní ìlò ńlá ní 1962, ọdún mẹ́rìnlélógún ti kọjá. Ọgbọ́n náà dé kí ayé tó ṣe tán láti gbà á.

Ẹ̀gbẹ́ kejì ọ̀rọ̀ yìí sì jẹ́ èrè fún wa. Pátẹ́ǹtì tí ìgbà rẹ̀ bá ti parí di ti gbogbo ènìyàn. Bákan náà, pátẹ́ǹtì a máa mọ ní ààlà ilẹ̀ tí ó fún ni. Ohun tí a kò gba pátẹ́ǹtì lé lórí ní Nàìjíríà, ọmọ Nàìjíríà lè ṣe é kí ó sì tà á níhìn-ín, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ní pátẹ́ǹtì ní Amẹ́ríkà. Kí ó má ṣáà kó o lọ tà níbẹ̀. Àlàyé kíkún sì wà nínú ìwé pátẹ́ǹtì wọ̀nyẹn fún ẹnikẹ́ni láti kà. Ilé-ìwé tí a kò san owó rẹ̀ ni wọ́n jẹ́ fún ẹni tí ó bá mọ bí a ṣe ń kà wọ́n.

9. Ìgúnlẹ̀

Kí ni ọmọ Òkòtà wa yóò ṣe? Kí ó ní ìwé kan tí yóò máa kọ iṣẹ́ rẹ̀ sí lójoojúmọ́, pẹ̀lú ọjọ́, kí ẹlẹ́rìí sì máa fọwọ́ sí i. Kí ó má fi iṣẹ́ náà hàn ní gbangba kí ó tó mú ìwé lọ, nítorí pé ẹni tí ó kọ́kọ́ mú ìwé wọlé ni òfin wa kọ́kọ́ ń mọ̀. Bí ẹlòmíràn bá jí i mú lọ, òfin yóò dá ẹ̀tọ́ náà padà fún un, ṣùgbọ́n òun ni yóò wá ẹ̀rí. Bí ó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ ẹlòmíràn, kí ó ka ìwé àdéhùn iṣẹ́ rẹ̀. Ohun tí òṣìṣẹ́ bá pilẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, ti ọ̀gá rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n òfin ní kí a san owó tí ó tọ́ fún un bí kì í bá ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni a gbà á fún, tàbí bí ohun náà bá níye lórí lọ́nà tí ó yàtọ̀. Kí ó sì wá ẹni tí ó mọ ìwé ẹ̀tọ́ kọ kí ìjà tó dé, nítorí pé òkèèrè ni a ti ń wo igi gogoro kí ó má baà gún ni lójú.

Ní Pennsylvania, ọkùnrin kan wà tí adájọ́ mẹ́ta gbà pé òun ni ó ṣe tẹlifóònù ṣáájú. Bí ó bá jẹ́ pé ó kọ ojú ewé kan ṣoṣo, kí ó fi ọjọ́ sí i, bóyá adájọ́ kẹrin ì bá gbà á gbọ́. A kò fẹ́ kí a sọ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ nípa ẹnikẹ́ni ní Òkòtà.